Àléébù Tí Wọn Kì Í Kọ Sínú Ìwé Ńlá

Bí ẹ bá dé Mówè, tí ẹ ní ilé pailọ́ọ̀tì lẹ̀ ń lọ, ọlọ́kadà á gbé yín débẹ̀ láì bèèrè orúkọ. Ilé náà ò ga ju àwọn tó yí i ká lọ. Wọn ò tíì kun ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́dà, géètì rẹ̀ sì máa ń ké bí ewúrẹ́ tí ebi ń pa. Àwọn aládùúgbò ò gbà pé irú ilé bẹ́ẹ̀ ni pailọ́ọ̀tì yẹ kó máa gbé. Àwọn kan ní ahun ni, àwọn kan ní ó ń kọ́ òmíràn sí ibòmíràn ní bòókẹ́lẹ́. Ìyá kan tó ń ta gáàrì ní ìkóríta wọn tiẹ̀ bi í léèrè rí pé kí ló dé tí kì í fi bàálù náà wálé, kó yé jìyà lójú títì márosẹ̀. Kápútẹ̀ẹ̀nì Mùtíù Ajéìgbé rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, níbo ni mo fẹ́ gbé e sí?"

Ọmọ Ìfọ̀ ni, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ṣì wà títí dòní. Ọkùnrin tó sanra díẹ̀, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí irun àgbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, tí oorun kì í sì í tó. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń wa bàálù, mọ́kànlá nínú rẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ, torí iléeṣẹ́ náà ní lọ́yà, èmi ò ní. Bàálù mẹ́rin ni wọ́n ní. Ọ̀kan ti wà nílẹ̀ láti ọdún ìjẹta, ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ nǹkan fi tún àwọn yòókù ṣe. Àwọn mẹ́ta tó kù ló wá ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin. Ẹ ò rí i pé kò sí ẹni tó máa fẹ́ gbọ́ níbẹ̀ pé ara ọ̀kan nínú wọn ò yá.

Ìwé ńlá kan wà nínú bàálù kọ̀ọ̀kan. Òfin ni pé ohunkóhun tí pailọ́ọ̀tì bá rí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó kọ ọ́ síbẹ̀, kó sì buwọ́ lù ú. Tó bá ti wọ ìwé ńlá, bàálù ò gbọdọ̀ gbéra mọ́ àfi kí ẹnjiníà yẹ̀ ẹ́ wò, kí òun náà buwọ́ lù ú. Òfin tó dára ni, mi ò rí ẹni tó bú u rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ pé Àbújá lo wà nígbà tí o kọ ọ́. Iléeṣẹ́ rẹ ò ní ẹnjiníà níbẹ̀, wọn ò ní irinṣẹ́. Àádọ́rùn-ún èrò á jókòó sí pápákọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n á máa fi ìyá rẹ ṣépè. Ọ̀gá á wá pè ọ́ ní ọjọ́ kejì pé ṣé ojú rẹ nìkan ló ń ríran ni.

Nítorí èyí làwọn pailọ́ọ̀tì iléeṣẹ́ náà ṣe dá ọgbọ́n tiwọn. Bébà pélébé ni wọ́n ń kọ àléébù sí. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ á fi lé ẹni tó ń gorí àga lọ́wọ́, á fi ẹnu kún un pé, "Wo eléyìí o, rọra." Bí bàálù bá wálé sùn nírọ̀lẹ́, ẹnjiníà á gba bébà náà, á tún ohun tó bá lè tún ṣe, á sì fa bébà ya. Ìwé ńlá á wà ní funfun báláú. Ọjọ́ tí àwọn aláṣẹ ìjọba tó ń bójú tó bàálù bá wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á máa yin iléeṣẹ́ náà pé bàálù wọn kì í bàjẹ́.

Bí nǹkan ṣe wà nìyí títí di ọjọ́ Alámìísì kan nínú òjò ọdún tó kọjá.

Ní ìdájí ọjọ́ náà, Mùtíù ti kúrò ní Mówè, ó gbé bàálù lọ sí Àbújá, ó sì gbé e padà. Nígbà tó balẹ̀ ní Àbújá, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ bíréèkì, ti òsì sì rì wọlẹ̀ bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Bàálù fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ó fà á padà. Nígbà tó balẹ̀ n'Íkẹjà, ó tún rì, ó sì rì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Igbákejì rẹ̀ tó jókòó tì í wo ojú rẹ̀, ó sì wo ìta. Àwọn èrò ẹ̀yìn pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ògo ni fún Ọlọ́run.

Mùtíù fa bébà yọ. Ó kọ ọ́ pé: bíréèkì òsì ti rọ̀, ó ń fà sí ọ̀tún, má gbẹ́kẹ̀ lé e lórí ilẹ̀ tó tutù. Ó fi í sí àpò àyà. Nísàlẹ̀ bàálù, ó bá Ládi pàdé, ẹnjiníà tó fẹ́ parí iṣẹ́ òwúrọ̀ rẹ̀, ó sì sọ fún un.

Ládi yọ ìbọ̀wọ́. "Mo gbọ́, Kápútẹ̀ẹ̀nì. Tó bá wọlé nírọ̀lẹ́, àwọn ará alẹ́ á tú u wò. Ẹ ṣáà fún Táíyé ní bébà."

Táíyé Ṣówándé ló kàn láti gbé bàálù náà. Ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kò tíì pé ogójì ọdún. Ọdún mẹ́ta ló fi jókòó ti Mùtíù gẹ́gẹ́ bí igbákejì kí wọ́n tó fún un ní àga tirẹ̀. Táíyé sì pe fóònù pé tánkà kan ṣubú lẹ́bàá Arẹ́pò níbi tóun ń gbé, pé òun á pẹ́ díẹ̀, kí Ọ̀gá òun máà bínú. Mùtíù ní kò sí wàhálà. Ó jókòó sórí àga nínú yàrá àwọn pailọ́ọ̀tì, ó ní òun á dúró dè é. Oorun gbé e lọ. Nígbà tó ta jí, Táíyé ò tíì dé, ọrùn ń dùn ún, orí rẹ̀ wúwo, ohun kan ṣoṣo tó sì wà lọ́kàn rẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó gba ọ̀nà Mówè lọ. Bébà wà nínú àpò. Kò rántí rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ òun alára ló kọ́kọ́ kọ́ àwọn ẹlòmíràn níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi bébà lé ara wọn lọ́wọ́.

Ó délé, ó kírun Àsùbáà tó ti kọjá pọ̀ mọ́ Àílà, ó sì dùbúlẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì.

Ìyàwó rẹ̀, Hanifah, wo ojú ọ̀run, ó rí i pé òjò ń ṣú láti apá Ìbafò. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun méjì péré tó dáa ni Mùtíù ní, ọ̀la ni yóò sì tún wọ ọ̀kan. Ló bá bu omi, ó da ọṣẹ sí i. Hanifah kì í fọ aṣọ láì yẹ àpò wò. Ó ti bá nǹkan tó pọ̀ pàdé nínú àpò ọkọ rẹ̀ láti ogún ọdún, kò sì sí èyí tó burú nínú wọn ju eléyìí lọ.

"Bàbá Fadilah," ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ọwọ́ rẹ̀ ń kán ọṣẹ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo jí yín. Ṣé nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ mú dání nìyí? Mo rí i pé ẹ kọ bíréèkì sí i."

Mùtíù dìde jókòó. Ó gba bébà náà. Aago ara ògiri fi aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ hàn.

Ó mọ̀ pé ó yẹ kí bàálù náà ti lọ láti ọ̀sán gangan. Ṣùgbọ́n ó tún rántí pé kí òun tó kúrò n'Íkẹjà, wọ́n ń sọ pé ọkọ̀ epo ò tíì dé, pé ó lè tó aago méjì àbọ̀. Ó rántí ibi tí Táíyé ń gbé e lọ pẹ̀lú. Ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ ibẹ̀ kúrú, òkè kékeré kan wà nídìí rẹ̀, òjò sì ti ń rọ̀ níbẹ̀ láti òwúrọ̀. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù tòótọ́, irú èyí tí kò bà á rí nínú òfuurufú.

Ó pe Táíyé. Fóònù rẹ̀ ti kú. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ó ti wà lórí àga, torí wọ́n máa ń pa fóònù bí wọ́n bá ti tilẹ̀kùn.

Ó pe Ládi. Ládi ti délé, n'Ìbafò. A ń gbọ́ ohùn tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn rẹ̀.

"Ládi, mi ò fún Táíyé ní bébà."

"Áà. Kápútẹ̀ẹ̀nì."

"Bàálù ò tíì gbéra, mo rò bẹ́ẹ̀. Ta ló wà níbẹ̀ tó lè sáré bá a?"

"Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ báyìí tó mọ̀ nípa ẹ̀. Ẹ gbọ́, sà. Táíyé mọ iṣẹ́. Tó bá tẹ̀ ẹ́ tó rọ̀, á fi ẹ́njìnnì fà á dúró. Ẹ jẹ́ kó lọ kó bọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Tẹ́ ẹ bá pe ọ́fíìsì báyìí, wọ́n á bi yín pé ta lẹ sọ fún láàárọ̀. Orúkọ mi lẹ máa dá. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ni."

"Ládi, ilẹ̀ ibẹ̀ ti tutù."

"Mo mọ̀," Ládi ní. "Mo mọ̀, sà." Ó pa fóònù.

Ibi tí Mùtíù ti ń wá nọ́ńbà ọ́fíìsì ni fóònù ti dún lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni, láti Ìfọ̀. Ìyá Sùwéébátù ò ní ìgbà kan pàtó tó ń pe ọmọ, ìgbà tí kò bá rọrùn fún ọmọ náà ló máa ń pè.

"Mùtíù, ṣó o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, mò ń..."

"Kí lo jẹ?"

"Màmá, ẹ forí jì mí, mo fẹ́ pe ibi iṣẹ́."

"Iṣẹ́, iṣẹ́. Ohùn rẹ ò dáa. Ó ti rẹ̀ ọ́. Mo máa ń sọ fún ọ pé bí iṣẹ́ ò bá pẹ́ ni..."

Ó bẹ̀ ẹ́ pé òun á pè é padà, ó sì gé e. Kò gé fóònù mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu rí. Hanifah ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà; ó ti lóye gbogbo rẹ̀.

"Tí mo bá pè wọ́n," Mùtíù sọ fún un, "iṣẹ́ mi lọ nìyẹn. Wọ́n lè gba ìwé àṣẹ mi pẹ̀lú."

Hanifah nu ọwọ́ sára ìró. "Èèyàn mélòó ló wà nínú ẹ̀?"

"Á tó àádọ́rùn-ún."

Hanifah lọ gbé bẹ́ǹṣì kékeré wá sí àárín ilé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dáa, ó gbé e kalẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, ó sì dúró tì í.

Gbémiga ló gbé fóònù, ọ̀gá tó ń darí lílọ bíbọ̀ àwọn bàálù wọn. Mùtíù bèèrè bóyá bàálù náà ti gbéra. Gbémiga ní rárá, wọ́n ti tilẹ̀kùn, wọ́n ń tì í kúrò ní ìdúró, pé kí ló dé?

"Ẹ dá a dúró. Bíréèkì òsì ti bàjẹ́. Èmi ni mo gbé e láàárọ̀, mi ò kọ ọ́ sínú ìwé."

Gbémiga mí kanlẹ̀. "Kápútẹ̀ẹ̀nì, ẹ mọ̀ pé wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀ lórí ìlà yìí. Ẹ jẹ́ kí n ràn yín lọ́wọ́. Màá ní kí wọ́n fi rédíò sọ fún Táíyé pé kó ṣọ́ bíréèkì. Á gbọ́, á rọra ṣe é. Àwọn èrò yìí ti jókòó láti àárọ̀, wọ́n ti fẹ́ lu ọmọ wa kan nídìí tíkẹ́ẹ̀tì. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ sọ jù báyìí lọ."

Ohun tó ń fi lọ̀ ọ́ ò burú lójú ẹni tó ti rẹ̀. Táíyé á gbọ́. Iṣẹ́ ò ní bọ́. Gbogbo èèyàn á sùn sílé ara wọn. Mùtíù di ojú, ó sì rí i pé rédíò tí Gbémiga ń wí yìí, bébà náà ni. Wọ́n kàn fẹ́ fi ẹnu kọ ọ́ ni. Táíyé á ṣọ́ bíréèkì tán, ṣùgbọ́n bíréèkì tí kò sí, kí ni wọ́n ń ṣọ́ lára rẹ̀?

"Ọ̀gá Gbémiga, orúkọ mi ni Mùtíù Ajéìgbé. Mo ní bàálù yẹn ò gbọdọ̀ gbéra. Mo mọ̀ láti àárọ̀, mi ò kọ ọ́. Ẹ dá a padà."

"Ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe fún ara yín?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Wọ́n dá a padà. Ó ti fẹ́ dé ẹnu ojú ọ̀nà ìgbéra nígbà náà. Kó tó di aago mẹ́ta, Gbémiga pè é pé kó máa bọ̀ n'Íkẹjà wá kọ ọ́ fúnra rẹ̀, torí àwọn aláṣẹ ti gbọ́, wọ́n sì ti ní àwọn ń bọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì ti wà nínú omi, nítorí náà bùbá ló wọ̀. Òjò bá a ní Màgbòrò. Ó ń wa ọkọ̀ lọ bí ẹni tó ń wà á lójú àlá, kò tiẹ̀ mọ̀gbà tó kọjá Arẹ́pò.

Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń tún bàálù ṣe, wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sókè. Epo bíréèkì ti jò, ó ti rin gbogbo inú táyà. Mùtíù bi ẹnjiníà tó wà nídìí rẹ̀ pé báwo ni ì bá ti rí ká ní bàálù náà lọ balẹ̀ nínú òjò. Ẹni náà mi orí. Ó ní ó lè dúró, ó sì lè má dúró. Ìdáhùn tí Mùtíù máa gbé lọ sílé nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè fún un ní èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ títí ayé.

Táíyé wà nínú ọ́fíìsì. Àwọn èrò ti ya àpò yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, ẹnì kan ti da omi sí i lára. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gá," kò sì wo ojú rẹ̀.

Gbémiga ṣí ìwé ńlá sórí tábìlì. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Obìnrin náà ti ṣí gbogbo ojú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kò rí àléébù kankan. Ó ní bàálù yìí dára púpọ̀ o, kò bàjẹ́ rí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mùtíù mú bírò, ó kọ bíréèkì òsì, ó kọ déètì, ó kọ wákàtí tó ṣẹlẹ̀, ó buwọ́ lù ú. Nínú gbogbo ìwé tó nípọn yẹn, orúkọ kan ṣoṣo ló wá wà lábẹ́ àléébù, tirẹ̀ ni. Bí ẹni tó kàn jí lọ́jọ́ kan tó lọ fi ẹ̀mí àádọ́rùn-ún èèyàn ṣeré ló rí nínú ìwé náà.

"Ṣé ìwọ nìkan ló máa ń ṣe báyìí?" ọkùnrin aláṣẹ bi í. "Àbí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín ń ṣe?"

Gbémiga wo àjà. Mùtíù mọ̀ pé bí ẹnì kan péré bá kọ tirẹ̀ sí abẹ́ tòun, ọ̀ràn náà á di ti iléeṣẹ́, kò ní jẹ́ ti òun nìkan mọ́. Ìwé àṣẹ òun lè yè bọ́. Ó ti ìwé náà sí iwájú Táíyé, ó sì na bírò sí i.

"Táíyé, géèjì epo tó o sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ó ń parọ́, inú bàálù yìí náà ni. Wọn ò tíì tún un ṣe. Kọ ọ́ síbẹ̀."

Táíyé wo bírò. Ó wo Gbémiga. Ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò tó ya.

"Ọ̀gá," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ọdún àkọ́kọ́ tí mo jókòó tì yín, mo fẹ́ kọ nǹkan sínú ìwé yìí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin lẹ dì mí lọ́wọ́ mú."

Mùtíù rántí ọjọ́ náà dáadáa. Ó rántí pé òun rẹ́rìn-ín, òun pè é ní ọmọ ilé ìwé, òun sì fa bébà yọ fún un láti inú àpò tòun. Ó wá ìbínú nínú ara rẹ̀, kò rí i. Àárẹ̀ ló bá níbẹ̀, àti ìtìjú.

"Òótọ́ lo sọ," ó ní. Ó gbé bírò sílẹ̀. Gbémiga ní kó fi káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ sórí tábìlì, ó bọ́ ọ lọ́rùn, ó fi í síbẹ̀. Ó kí wọn pé ó dàárọ̀, ó sì jáde lọ síbi tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí.